Ilé Ìgbọ̀nsẹ̀ Olómi Tí Kì í Fi Omi Ṣòfò: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Onílé Mọ̀ Kí Ó Tó Ra Tuntun

Kò sí ẹni tí ó ń gbé ní Takie, ní àárín gbùngbùn ìlú Ògbómọ̀ṣọ́, tí kò mọ iyì omi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta ọdún, òjò a dáwọ́ dúró, omi inú kànga a sì máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nítorí pé orí àpáta ni ìlú náà wà, ọ̀pọ̀ kànga ibẹ̀ kì í sì í jìn púpọ̀ kí wọ́n tó kan òkúta. Nígbà náà ni àwọn ìyá àti àwọn ọmọdé a máa to kẹ́ẹ̀gì sí ẹ̀bá ẹ̀rọ omi, tí olúkúlùkù a máa retí kí ó kan òun. Omi tí a fi irú làálàá bẹ́ẹ̀ pọn kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí a dà nù láìnídìí. Síbẹ̀, nínú ilé tí ó ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ olómi, bí a kò bá ṣọ́ra, ibẹ̀ ni ó lè máa mu omi ju ibi gbogbo lọ.

Púpọ̀ nínú àwọn àwo ìgbọ̀nsẹ̀ tí ó wà nínú ilé lónìí ti pẹ́. Bàbá ni ó rà wọ́n nígbà tí ó ń kọ́ ilé, àwọn ọmọ ni ó ń lò wọ́n nísinsìnyí. Òmíràn ti sán, òmíràn ń jò, òmíràn kò ṣe é fọ̀ mọ́. Nígbà tí ó bá di pé kí a pààrọ̀ wọn, ọ̀pọ̀ onílé a lọ sí ṣọ́ọ̀bù, wọn a yan èyí tí ẹwà rẹ̀ wù wọ́n tàbí èyí tí owó rẹ̀ fúyẹ́, wọn a sì gbé e lọ sílé. Wọn kì í sábà béèrè ìbéèrè méjì tí ó ṣe pàtàkì jù lọ: omi mélòó ni yóò máa mu ní ìgbàkúùgbà tí a bá lò ó, ta ni yóò sì máa pọn omi náà? Onílé tí ó bá lè dáhùn ìbéèrè méjèèjì kí ó tó sanwó kò ní kábàámọ̀ ohun tí ó rà.

BÍ TI OLÓMI ṢE DÉ ÀÁRÍN WA

Ní ayé àtijọ́, àkìtàn tàbí igbó ẹ̀yìn agboolé ni àwọn ènìyàn ń lọ. Nígbà tí ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í kún, àwọn wolé-wolé a máa lọ láti ojúlé dé ojúlé, wọn a máa pàṣẹ pé kí onílé gbẹ́ ṣálángá. Ní àwọn ìlú ńlá, àwọn mìíràn lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ oní-garawa, èyí tí àwọn agbépòó máa ń wá gbé ní òru. Lẹ́yìn náà ni ti olómi dé, pẹ̀lú àwo tánganran funfun àti táǹkì kékeré ní ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn ènìyàn gbà á tayọ̀tayọ̀, nítorí pé kì í rùn, eṣinṣin kì í sì í kún ibẹ̀ bí a bá tọ́jú rẹ̀.

Ìrètí àwọn tí ó kọ́kọ́ rà á ni pé omi ẹ̀rọ yóò máa ṣàn wọ inú táǹkì náà fúnra rẹ̀. Ìrètí yìí kò ṣàìnídìí. Ní 1961 ni a ṣe ìsédò Erelú fún ìlú Ọ̀yọ́. Ní 1964 ni a sé odò Ọbà fún ìlú Ògbómọ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n iye ènìyàn ti pọ̀ fíìfíì ju ti àkókò náà lọ. Ilé ẹ̀kọ́ gíga Yunifásítì Ladoke Akintola, tí a dá sílẹ̀ ní 1990, mú kí ilé tuntun máa hù ní gbogbo àyíká, páìpù omi kò sì lè bá gbogbo wọn dọ́gba. Ọ̀pọ̀ ilé ni ó jẹ́ pé kànga, bọ́hóòlù tàbí omi rírà ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé. Nípa bẹ́ẹ̀, àwo tí a ṣe fún omi tí ń ṣàn nínú páìpù ni a wá ń fi omi tí a fi orí rù fọ̀. Ibí yìí gan-an ni ìṣòro náà ti bẹ̀rẹ̀.

BÍ Ó ṢE Ń ṢIṢẸ́

Apá mẹ́ta pàtàkì ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀ olómi ní. Èkíní ni táǹkì kékeré tí ń kó omi jọ. Èkejì ni àwo tí a ń jókòó lé. Ẹ̀kẹta ni ọ̀fun tí ìdọ̀tí ń gbà lọ. Ọ̀fun yìí lọ́ bí ọrùn pẹ́pẹ́yẹ, omi díẹ̀ a sì máa dúró sínú kọ́lọ́fín rẹ̀ nígbà gbogbo. Omi tí ó dúró yìí ni ó ń dí ọ̀nà mọ́ òórùn, eṣinṣin àti aáyán, kí wọn má baà gba inú páìpù wọ inú ilé. Alexander Cumming, ọmọ ilẹ̀ Scotland kan tí ó ń ṣe aago ní London, ni ó gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí irú ọ̀fun lílọ́ yìí ní 1775. Títí di òní, orí ọgbọ́n yẹn ni gbogbo àwo ìgbọ̀nsẹ̀ olómi dúró lé.

Nígbà tí a bá tẹ ọwọ́ táǹkì, omi inú rẹ̀ a rọ́ wọ inú àwo lẹ́ẹ̀kan náà. Agbára rírọ́ yìí ni ó ń ti ìdọ̀tí kọjá ọ̀fun lọ sínú páìpù. Nítorí náà, kì í ṣe pípọ̀ omi nìkan ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Bí omi ṣe yára tó, bí àwo ṣe dàgẹ̀rẹ̀ tó, bí ọ̀fun ṣe fẹ̀ tó àti bí inú rẹ̀ ṣe dán tó, gbogbo wọn ni ó ní ipa tiwọn. Àwo tí a ṣe dáadáa lè fi lítà 6, tàbí kí ó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ṣe iṣẹ́ tí àwo àtijọ́ ń fi lítà 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣe. Ẹni tí ó bá mọ èyí ti mọ ìdí tí ó fi jẹ́ pé àwo ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò ní ṣọ́ọ̀bù, kí a tó wo táǹkì.

ÌṢIRÒ TÍ Ó YẸ KÍ OLÚKÚLÙKÙ ṢE

Ẹ jẹ́ kí a fi ilé kan ṣe àpẹẹrẹ. Bí ènìyàn 8 bá ń gbé inú ilé náà, tí olúkúlùkù sì ń lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́, ẹ̀ẹ̀kan fún ìgbẹ́ àti ẹ̀ẹ̀mẹrin fún ìtọ̀, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìgbà 40. Bí táǹkì ilé náà bá ń mu lítà 12 lẹ́ẹ̀kan, lítà 480 ni yóò bá a lọ lójúmọ́. Èyí lé díẹ̀ ní kẹ́ẹ̀gì 19 onílítà 25. Kẹ́ẹ̀gì kan tí ó kún wúwo tó ìdajì àpò sìmẹ́ńtì. Nítorí náà, omi tí ilé yìí ń dà sínú àwo ìgbọ̀nsẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó àpò sìmẹ́ńtì 10. Kò sí bàbá tí yóò ní kí àwọn ọmọ rẹ̀ ru sìmẹ́ńtì 10 lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí omi ẹ̀rọ, ohun tí àwo àtijọ́ ń béèrè lọ́wọ́ wọn nìyẹn.

Bí a bá fi àwo onílítà 6 rọ́pò rẹ̀, lítà 240 ni yóò lò, èyí tí kò pé kẹ́ẹ̀gì 10. Bí ó bá jẹ́ oríṣi tí ó ní bọ́tìnnì méjì, tí ọ̀kan ń tú lítà 6 fún ìgbẹ́, tí èkejì sì ń tú lítà 3 fún ìtọ̀, lítà 144 ni, èyí tí kò pé kẹ́ẹ̀gì 6. Bí ó bá jẹ́ àwo tí a ń fi ọwọ́ da omi sí, tí ó ń fẹ́ lítà 2 péré, lítà 80 ni gbogbo rẹ̀, kẹ́ẹ̀gì 3 àti díẹ̀. Láti kẹ́ẹ̀gì 19 sí 3, ìyàtọ̀ ńlá ni. Ó lè jẹ́ ìyàtọ̀ láàrin ọmọ tí ó tètè dé ilé ìwé àti ọmọ tí ó pẹ́ lẹ́bàá ẹ̀rọ omi.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ iye omi tí táǹkì tirẹ̀ ń mu kò ní láti pe ẹnikẹ́ni. Kí ó ti ẹnu páìpù tí ń gbé omi wọlé pa, kí ó tẹ omi inú táǹkì dànù, kí ó wá fi ike tí ó mọ ìwọ̀n rẹ̀ máa bu omi sí i títí yóò fi dé ojú ibi tí ó máa ń dé. Iye lítà tí ó bá bù sí i ni iye tí ilé rẹ̀ ń ná ní ìgbàkúùgbà.

OHUN TÍ ÀWỌN ÌLÚ MÌÍRÀN TI KỌ́

Kì í ṣe ní ilẹ̀ Yorùbá nìkan ni ọ̀ràn yìí ti dé. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1992 pàṣẹ pé láti 1994, àwo ìgbọ̀nsẹ̀ tuntun fún ilé gbígbé kò gbọ́dọ̀ mu ju nǹkan bí lítà 6 lọ. Títí di ìgbà náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń mu lítà 13 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láàrin 1994 àti 1997, ìjọba ìlú New York dá apá kan owó padà fún àwọn onílé tí ó bá pààrọ̀ àwo àtijọ́. Àwo tí wọ́n pààrọ̀ lé ní mílíọ̀nù kan, ìlú náà sì rí i pé omi tí òun ń lò dín kù púpọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ mìíràn wà nínú ìtàn yìí. Lára àwọn àwo onílítà 6 tí ó kọ́kọ́ jáde, àwọn kan kò ṣiṣẹ́ dáadáa. Ohun tí àwọn tí ó ṣe wọ́n ṣe ni pé wọ́n dín omi táǹkì kù, wọn kò sì tún àwo àti ọ̀fun ṣe kí ó bá a mu. Ìdọ̀tí a máa há, àwọn ènìyàn a sì máa tẹ omi lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta, tí ó fi jẹ́ pé omi tí wọ́n rò pé àwọn fi pamọ́ tún bá ibẹ̀ lọ. Nítorí èyí ni àwọn onímọ̀ fi dá ìdánwò kan sílẹ̀ ní 2003, nínú èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀wà sóyà tí a lọ̀ kúnná, tí ó ki bí ìgbẹ́ ènìyàn, sínú àwo, tí wọ́n sì ń wo ìwọ̀n gíráàmù tí ó lè gbé lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Láti ìgbà náà ni àwo tuntun ti dára ju ti ìṣáájú lọ. Omi díẹ̀ nínú àwo burúkú, òfò ni. Omi díẹ̀ nínú àwo dáadáa, èrè ni.

Ní ilẹ̀ wa Áfíríkà pẹ̀lú, ìlú Cape Town ní Gúúsù Áfíríkà rí ọ̀dá omi tí ó le ní 2018. Lítà 50 péré ni wọ́n fún ènìyàn kọ̀ọ̀kan láṣẹ láti lò lójúmọ́ fún ohun gbogbo. Àwọn olówó àti àwọn mẹ̀kúnnù ni ó ń gbe omi tí wọ́n fi wẹ̀ sínú garawa, tí wọ́n sì ń dà á sínú àwo ìgbọ̀nsẹ̀. Ohun tí ojú àwọn ará Cape Town rí lẹ́ẹ̀kan ni ojú àwọn ìyá ní agbègbè wa ń rí ní ọ̀pọ̀ ẹ̀ẹ̀rùn.

ÀWỌN ORÍṢI TÍ A LÈ YÀN NÍNÚ WỌN

Èkíní ni àwo onílítà 6 tí ó ní bọ́tìnnì kan. Ó dára fún ilé tí omi ń ṣàn wọ táǹkì rẹ̀, yálà láti ọ̀dọ̀ ìjọba tàbí láti orí òpó táǹkì bọ́hóòlù. Kò ní ohun èlò púpọ̀ nínú, nítorí náà kì í tètè bàjẹ́.

Èkejì ni oníbọ́tìnnì méjì. Ilé iṣẹ́ Caroma ní ilẹ̀ Australia ni ó sọ ọ́ di ohun tí ó gbilẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, nítorí pé ilẹ̀ gbígbẹ ni ilẹ̀ wọn. Nínú ilé tí omi ẹ̀rọ wà, òun ni ó ń fi omi pamọ́ jù nínú àwọn tí ó ní táǹkì. Ṣùgbọ́n gbogbo ará ilé, títí kan àwọn ọmọdé àti àlejò, ni a gbọ́dọ̀ kọ́ ní èwo ni fún ìtọ̀, èwo ni fún ìgbẹ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bọ́tìnnì ńlá nìkan ni wọn yóò máa tẹ̀. Rọ́bà tí ó wà lábẹ́ bọ́tìnnì náà lè bẹ̀rẹ̀ sí í jò bí ó bá pẹ́, a sì ní láti rí i pé irú rẹ̀ wà ní ọjà kí a lè pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni àwo tí a ń fi ọwọ́ da omi sí. Kò ní táǹkì rárá. Ọ̀fun rẹ̀ kò jìn, inú rẹ̀ dán, ó sì dàgẹ̀rẹ̀ gan-an, nítorí náà lítà 2 tí a dà sí i lẹ́ẹ̀kan náà tó. Ní ilẹ̀ India, Bindeshwar Pathak àti ẹgbẹ́ Sulabh tí ó dá sílẹ̀ ní 1970 fi irú rẹ̀ sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé. Ihò méjì ni wọ́n ń gbẹ́ fún un. Bí ọ̀kan bá kún, wọn a dí i, wọn a sì lo èkejì. Lẹ́yìn ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ohun tí ó wà nínú èkíní ti di ilẹ̀ ọlọ́ràá tí a lè kó lọ sí oko. Àwo oníke kan tún wà tí a ń pè ní SATO, èyí tí a kọ́kọ́ ṣe fún orílẹ̀-èdè Bangladesh. Ó ní ìdérí kékeré nísàlẹ̀ tí ń ṣí nígbà tí a bá da omi sí i, tí ó sì ń pa ara rẹ̀ dé. Òun kì í mu tó lítà kan, a sì lè gbé e lé orí ṣálángá tí ó ti wà tẹ́lẹ̀ kí òórùn àti eṣinṣin lè dín kù.

Púpọ̀ nínú àwọn àwo tí a ń fi ọwọ́ da omi sí ni a ń lóṣòó lé lórí. Ibi tí àwọn àgbàlagbà wà tí orúnkún ń dùn, tàbí aláboyún, ó dára kí a béèrè èyí tí ó ga tí a lè jókòó lé.

Ẹ̀kẹrin ni ṣálángá tí a fi páìpù gígùn sí, tí ń fa òórùn jáde lọ sókè, tí a sì fi nẹ́ẹ̀tì dí ẹnu páìpù náà kí eṣinṣin má baà jáde. Ní ilẹ̀ Zimbabwe ni a ti ṣe èyí jáde ní àwọn ọdún 1970. Kò fẹ́ omi rárá. Fún oko àti abúlé tí omi jìnnà sí, kò sí ìtìjú kankan nínú rẹ̀. Ó sàn ju àwo tánganran tí kò rí omi lọ.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ onílé kò rò. Bí ó bá jẹ́ pé garawa ni ilé kan yóò máa fi da omi sí àwo ní èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọdún, bọ́tìnnì méjì kò wúlò fún un, owó tí ó fi rà á ti ṣòfò. Kí irú onílé bẹ́ẹ̀ wá àwo tí omi díẹ̀ láti inú garawa lè fọ̀ mọ́.

KÍ A TÓ SANWÓ

Lákọ̀ọ́kọ́, kí a wọn ilẹ̀. Ẹnu ìjáde àwo kan kọjú sí ilẹ̀, èyí tí àwọn pọ́ḿbà ń pè ní S-trap. Ti òmíràn kọjú sí ògiri, wọ́n sì ń pe ìyẹn ní P-trap. Kí onílé wo irú èyí tí ó wà nílé, kí ó sì wọn láti ara ògiri dé àárín ihò tí ó wà nílẹ̀. Ẹni tí kò bá wọ̀n ọ́n lè ra àwo tí kò ní bá ihò mu, bíríkìlà yóò sì ní láti fọ́ ilẹ̀ àti táìlì.

Lẹ́yìn èyí, kí a wo ara táǹkì tàbí páálí rẹ̀ bóyá a kọ iye lítà sí i. Bí ontà kò bá lè sọ iye omi tí ọjà rẹ̀ ń mu, kí a ní sùúrù, kí a dé ṣọ́ọ̀bù mìíràn.

Kí a sì fi ọwọ́ kan inú ọ̀fun. Ó gbọ́dọ̀ dán dé ibi tí ọwọ́ lè dé. Àwo tí inú ọ̀fun rẹ̀ há tàbí tí ó ṣe jàgàjàgà yóò máa mú ìdọ̀tí dúró. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí a béèrè bóyá ẹnìkan ní àdúgbò ti ń lo irú rẹ̀, kí a bi í léèrè bóyá ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó ń da omi sí i.

Páìpù tí ó ti inú ilé lọ sí sòkàwéè tún ṣe pàtàkì. Àwo tí ń lo omi díẹ̀ kò ní agbára láti ti ìdọ̀tí gba páìpù tí ó tẹ́jú kọjá. Fún páìpù oní-íǹṣì 4, ó yẹ kí ó rẹlẹ̀ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 1 nínú gbogbo ẹsẹ̀ bàtà 40. Kí onílé ní kí pọ́ḿbà fi ohun ìwọ̀n hàn án pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí, kí wọ́n tó bò ó mọ́lẹ̀.

BÍ OWÓ KÒ BÁ TÍÌ SÍ

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó lè ra tuntun lónìí. Ṣùgbọ́n àwọn ohun kan wà tí olúkúlùkù lè ṣe láìná owó púpọ̀.

Kí a wò ó bóyá táǹkì ń jò. Kí a po búlúù ìfọṣọ díẹ̀ sínú omi táǹkì, kí a má sì lò ó fún ìdajì wákàtí. Bí omi inú àwo bá di aláwọ̀ aró, táǹkì ń jò ni. Rọ́bà kékeré kan ni ó sábà máa ń fà á, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi àti iná ẹ̀rọ tí ń ṣòfò ní ọ̀sán àti ní òru.

Bí táǹkì bá tóbi, a lè fi ìgò oníke kan tí a kún fún iyanrìn, tí a sì dé pinpin, sí inú rẹ̀, níbi tí kò ti ní dí ohun èlò inú rẹ̀ lọ́wọ́. Ààyè tí ìgò náà gbà ni iye omi tí a fi pamọ́. Kí a má ṣe lo bíríkì, nítorí pé yóò máa wó díẹ̀díẹ̀, iyanrìn rẹ̀ yóò sì ba rọ́bà jẹ́. Bí ìdọ̀tí bá ń ṣẹ́kù lẹ́yìn èyí, kí a yọ ìgò náà kúrò.

Ẹni tí ń fi garawa da omi kò ní láti da garawa kíkún. Kí ó bu ìdajì, kí ó gbé e sókè díẹ̀, kí ó sì dà á lẹ́ẹ̀kan náà sí ojú ọ̀fun. Omi tí a rọra dà kì í gbé nǹkan lọ bí ó ti wù kí ó pọ̀ tó.

Omi tí a fi ṣan aṣọ tàbí tí a fi wẹ ọmọ dára fún iṣẹ́ yìí. Inú àwo ni kí a máa dà á sí, kì í ṣe inú táǹkì, nítorí pé ọṣẹ àti ìdọ̀tí ń ba ohun èlò táǹkì jẹ́. Kí a má sì jẹ́ kí irú omi bẹ́ẹ̀ sùn síta láìdé e, kí ẹ̀fọn má baà yé sí i.

KÀNGA ÀTI SÒKÀWÉÈ

Omi tí ó kúrò nínú àwo kò parẹ́. Inú ilẹ̀ ni ó lọ, inú ilẹ̀ kan náà ni omi kànga sì ti ń wá. Ní àwọn agboolé tí ilé ti fún mọ́ra, a máa ń rí kànga àti sòkàwéè tí wọ́n kọjú sí ara wọn. Ìmọ̀ràn àwọn onímọ̀ ìlera ni pé ó yẹ kí ó tó mítà 30, èyí tí í ṣe nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 100, láàrin ihò ìdọ̀tí àti ibi tí a ti ń fa omi mímu. Níbi tí ààyè kò bá ti gbà bẹ́ẹ̀, kí a má ṣe mu omi kànga náà láìsè é tàbí láìfi oògùn apakòkòrò sí i. Àwo tí ń mu omi díẹ̀ ń ràn wá lọ́wọ́ níhìn-ín pẹ̀lú: omi tí ń wọ sòkàwéè dín kù, ihò náà kì í sì í tètè kún.

Ewu tí ó wà nínú ọ̀ràn yìí kì í ṣe ohun eré. Ní 2021, àrùn onígbá-méjì jà ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Àwọn tí a fura sí pé ó mú lé ní 100,000, àwọn tí ó sì pa lé ní 3,500. Ìgbẹ́ tí ó wọ inú omi mímu ni ó ń gbé àrùn yìí kiri. Bí àwo ìgbọ̀nsẹ̀ ilé kan bá ń mu omi ju agbára ilé náà lọ, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn hàn gbangba. Wọn yóò ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, àwọn ọmọdé yóò sì padà sí igbó tàbí ẹ̀bá odò. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, yóò gbá gbogbo rẹ̀ wọ inú kànga.

Nítorí irú èyí ni ìjọba àpapọ̀ fi gbé Àṣẹ 009 jáde ní oṣù kọkànlá 2019, tí ó fi ọdún 2025 ṣe gbèdéke fún òpin yíyàgbẹ́ sí gbangba ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé náà ti ya ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kọkànlá ọdọọdún sọ́tọ̀ láti 2013 gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n àṣẹ nìkan kò lè ṣe é. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Onílé tí ó ní ayálégbé púpọ̀ ni ọ̀ràn yìí kàn jù, nítorí pé àwo kan tí ó bá yàn ni ọ̀pọ̀ ìdílé yóò máa pọn omi fún.

Nítorí náà, kí gbogbo onílé ní Takie, ní Sábó, ní Ìsàlẹ̀ Àfọ́n, ní ìlú Ọ̀yọ́ àti ní gbogbo abúlé àyíká wọn ka iye ènìyàn tí ó wà nínú ilé wọn, kí wọ́n wọn táǹkì wọn, kí wọ́n sì ṣírò kẹ́ẹ̀gì. Kí wọ́n pe ìyàwó ilé àti àwọn ọmọ tí ń pọn omi sí ìjíròrò náà kí wọ́n tó lọ sí ọjà. Àwo tí ó dára jù fún ilé kan ni èyí tí ará ilé náà yóò lè fọ̀ mọ́ ní oṣù kejì ọdún, nígbà tí kànga bá ti gbẹ.